Orí Kẹfà: Àwòrán Kékeré Létí Omi Ńlá

Ẹ dúró sórí afárá Lekki sí Ìkòyí láàárọ̀ kùtù, kí ẹ kọjú sí ọ̀sà. Ẹ ò ní rí ibi tí omi ti parí tí òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Ọkọ̀ apẹja kan á kàn yọ láàárín méjèèjì, àfi bíi pé orí afẹ́fẹ́ ló wà. Mo ti fi ọ̀dà elépo ya ibẹ̀ rí. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta, kò sì jọ ọ́. Ọ̀dà olómi, èyí tí àwa ayàwòrán ń pè ní wọ́tákọ́lọ̀, gbé e kalẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, nítorí pé omi fúnra rẹ̀ ló ń ya omi. Àwa tí a ń gbé láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah, àárín ọ̀sà àti òkun la wà. Ohun tí a fẹ́ yà kò jìnnà sí wa rárá, àyàfi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ bá dá wa dúró.

Bí èèyàn ṣe lè máa ya àwòrán kékeré pẹ̀lú ọ̀dà yìí, kó sì rí i tà, ni orí yìí dá lé. Mo ní kékeré, mo sì fẹnu tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló gbà pé ẹni tí kò tíì lè ya ńlá ló ń ya kékeré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ra àwòrán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ti ní ògiri tó fẹ́ gbé e kọ́, ó ti bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, ó sì ti pe ẹni tó ń bá a ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tó rí èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ kò pe ẹnikẹ́ni. Ó wò ó, ó wù ú, ó yọ fóònù, ó san owó. Ẹ jẹ́ kí ohun méjì yìí máa wà lọ́kàn yín bí ẹ ti ń ka orí yìí lọ: kí èèyàn lè rà á láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó sì lè wọ inú báàgì tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ wọ bàálù.

Pépà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé

Bí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ fi ọ̀dà ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ má fi pépà ṣe é. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí pépà gidi. Ọ̀dà tó wọ́n jù lọ láyé kò ní ṣe nǹkan kan lórí pépà ìwé ilé ẹ̀kọ́. Omi á kàn án, á ká kò bí ewé gbígbẹ. Pépà tí ẹ ń wá ni èyí tí wọ́n fi òwú ṣe, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 300 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Tí ẹ bá fi ìka tẹ etí rẹ̀, kò ní tẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á dà bíi páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Agbègbè Yaba ni mo ti ń ra tèmi.

Ẹ má rà á ní gígé. Ẹ ra odindi ewé rẹ̀, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 sí 76. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ tún ṣẹ́ ẹ sí méjì lọ́nà gígùn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà ìbú pẹ̀lú, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ gé e lójú ìṣẹ́. Ewé 16 lẹ ó rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 sí 19. Tí ẹ bá fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ pátákó, ibi tí ọ̀dà máa dé kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ínṣì márùn-ún sí méje lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyẹn, torí pé férémù oní-ínṣì márùn-ún sí méje ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta férémù fọ́tò máa ń tò síta. Oníbàárà yín kò ní wá káfíńtà kiri.

Ti ọ̀dà, mẹ́fà tó. Ẹ ra búlúù ultramarine, burnt sienna tó dà bí ilẹ̀ pupa, yellow ochre, ìyeyè kan tó ta yọ, pupa kan, àti búlúù phthalo fún òkun. Ẹ ò nílò dúdú. Ultramarine àti burnt sienna tí ẹ bá pò pọ̀ á fún yín ní gbogbo eérú tó wà lójú ọ̀sà, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí òjò bá ṣú. Ẹ ò nílò funfun náà. Nínú iṣẹ́ yìí, pépà ni ẹfun yín. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kó funfun, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ wo ara túùbù bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀ náà kì í ṣá. Pupa tí wọ́n ń pè ní alizarin crimson, ti àtijọ́ yẹn, dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá ń kàn án lójoojúmọ́, ó ń lọ nìyẹn. Ẹ ò ní fẹ́ kí èèyàn pè yín lọ́dún kẹta láti bi yín pé níbo ni pupa tó sanwó fún wà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ohun tó ń mú ọ̀dà yìí lẹ̀ mọ́ pépà ni oje igi, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní karo. Sudan, Chad àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń kó o lọ sọ́jà àgbáyé jù lọ. Yobe, Borno àti Jigawa ló ti ń jáde lọ́dọ̀ tiwa. Á dé Yúróòpù, wọ́n á lọ àwọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fún un sínú túùbù, á sì padà wá bá wa l'Ékòó ní owó gọbọi. Ilé iṣẹ́ Winsor & Newton bẹ̀rẹ̀ irú òwò ọ̀dà yìí ní London ní 1832. Nígbàkigbà tí mo bá ń fún túùbù tó ti fẹ́ tán, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí díẹ̀.

Àárọ̀ kan ní Badore

Mo fẹ́ fi àwòrán kan ṣe àpẹẹrẹ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje lù, oṣù Kejìlá, ní èbúté Badore lẹ́yìn Ajah, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò lọ sí Ìjẹdẹ ní ìhà Ìkòròdú. Mo ti kí àwọn tó ń bójú tó èbúté, mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo sì ti jókòó síbi tí mi ò ní dí èrò lọ́nà. (Ẹ má fojú di apá yìí. Ẹni tó bá ń wo nǹkan tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, wọ́n á bi í ní ìbéèrè. Létí òkun ní Okun Ajah, àwọn ọmọ àdúgbò lè ní kí ẹ mú nǹkan wá. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tú ẹrù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.)

Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà kan ṣoṣo. Ìlà náà kò sí láàárín. Ìdá kan nínú mẹ́ta pépà ló wà láti òkè, kí omi lè ní àyè púpọ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá da omi tó mọ́ sórí gbogbo ojú òfuurufú títí ó fi ń dán, mo wá fi eérú tí mo ti pò kàn án lápá òkè, mo gbé pátákó náà dagun. Ọ̀dà náà ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń ṣá bó ti ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìlà, mo fi yellow ochre tó pò mọ́ omi púpọ̀ pàdé rẹ̀. Oòrùn tó fẹ́ yọ lẹ́yìn ìkùukùu nìyẹn. Mi ò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọn kò lè fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti gbẹ. Ní oṣù Keje, tí òjò ti sọ afẹ́fẹ́ di omi, mo ti jókòó ti àwòrán kan fún ìdajì wákàtí rí, mo ń fi páálí fẹ́ ẹ.

Nígbà tó gbẹ, mo fa omi ọ̀sà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí kò fi bẹ́ẹ̀ tutù, kíákíá, láti òsì sí ọ̀tún, kí búrọ́ọ̀ṣì náà lè fo àwọn ibì kan. Ibi tó fò, tí pépà ti yọ, ni ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lójú omi. Ọkọ̀ wá kù. Ìlà dúdú kan, ó nípọn láàárín, ó tín-ínrín lẹ́nu. Àmì ọsàn mẹ́rin sórí rẹ̀ fún àwọn èrò tó wọ ẹ̀wù aláìrì. Òjìji rẹ̀ nísàlẹ̀, kó rọ̀ ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ọmọkùnrin kan ti wà lẹ́yìn mi látìgbà tí mo ti ń da omi. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

"Àǹtí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà?"

Mo wo àwòrán náà. Lóòótọ́, ọkọ̀ mi ń lọ láìní ẹ́ńjìnnì, láìní àjẹ̀. Mo fi orí búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan àmì dúdú kan mọ́ ìdí ọkọ̀, ó ga díẹ̀, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n," ó sì lọ.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń yà. Ẹni tó ń gbé Ajah máa rí àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ kó tó rí ẹwà òfuurufú yín. Ó mọ̀ pé ìlà dúdú méjì ló wà lára dánfó. Ó mọ̀ pé lékeléke ló ń dúró létí pápá omi, kì í ṣe ẹyẹ funfun kan ṣá. Ó tiẹ̀ lè mọ oṣù tí ẹ ya àwòrán náà láti ara ewé omi tó ń léfòó lójú ọ̀sà: ìgbà òjò ni ewé yẹn ń bo ojú omi, torí pé omi odò ti lé iyọ̀ sẹ́yìn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á padà wọlé, ewé á sì kú. Ẹni tó ya ewé omi tútù yọ̀yọ̀ tó sì kọ February sẹ́yìn rẹ̀ ti tú ara rẹ̀ fó.

Ohun tí wọ́n ń béèrè

Ẹ lọ sí ọjà Jakande, ìyẹn ọjà Ọba Elegushi, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń pàtẹ sí. Ẹ má tíì gbé tiyín dání. Ẹ kàn rìn yí ká, kí ẹ ka iye dánfó tí ẹ rí lórí kánfáàsì, iye onílù, iye obìnrin tó ru igbá. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn yẹn ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún gbé ọ̀kan sí i wá síbẹ̀, iye owó nìkan ló kù tó lè fi bá àwọn yòókù jà, ẹni tó sì fi owó jà ní Jakande kò ní pẹ́ tó fi máa ta ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní owó àkàrà.

Ohun tó ń tà fún mi jù lọ ni ilé. Mi ò sọ ilé ńlá olókìkí. Ilé tí èèyàn ń gbé. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jápa, kò sí oṣù tí ẹnìkan kì í pè mí láti Sangotedo tàbí Abraham Adesanya pé òun ti rí físà, òun ti ta àga, òun ti ta jẹnẹrétọ̀, òun kò sì lè gbé ilé. Mo máa ń lọ wo ilé náà fúnra mi, mi ò kì í fi fọ́tò nìkan ṣe é, torí fọ́tò kì í sọ igi àgbọn tó wà lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ínṣì márùn-ún sí méje fi dára: àárín aṣọ ló máa gbà dé Canada.

Ẹni tó bá fẹ́ ya ilé gbọ́dọ̀ mọ bí ìlà ṣe ń sún mọ́ra bó bá ti ń jìnnà sí ojú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ayàwòrán Aina Onabolu kò fẹnu kúrò lórí rẹ̀ títí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Mr Perspective. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, wọ́n bí i ní 1882, kò sì sí ilé ìwé tó kọ́ ọ ní àwòrán nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò tó ń dà kọ. Ní 1906 ó ya Mrs Spencer Savage, èyí tí àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà wa ṣì ń dárúkọ títí dòní. Ó di 1920 kó tó rí ọ̀nà lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní London. Ọgbọ́n kan tó rọrùn nìyí: ẹ na pẹ́ńsù síwájú ojú, ẹ di ojú kan, kí ẹ dagun pẹ́ńsù náà títí tó fi bá etí òrùlé mu, kí ẹ wá gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí pépà láì yí i padà. Òrùlé yín kò ní dà bíi pé ó fẹ́ wó mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ igi àti ọ̀bọ, ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre tó dojú kọ Chevron. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990, hẹ́kítà 78 sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Afárá orí igi tó wà níbẹ̀ gùn tó mítà 401. Gbogbo àlejò ló ń ya fọ́tò lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ á rántí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó ń tà. Ẹ kàn má gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ẹ má sì fi àpò ọ̀dà sílẹ̀ ní ṣíṣí; ọ̀bọ ibẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín túùbù ìyeyè àti oúnjẹ.

Ọ̀rinrin

Omi tó ń bá wa ya àwòrán yìí náà ló ń bà á jẹ́. Mo fi owó kọ́ ọ.

Oṣù Karùn-ún ni, ilé oúnjẹ kan ní Phase 1 gbà kí n gbé àwòrán mẹ́fà kọ́ sára ògiri wọn. Inú mi dùn dé ibi pé mo ṣe férémù wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì fi gíláàsì tẹ pépà mọ́lẹ̀ tààrà. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n pè mí pé kí n wá wò ó. Àmì dúdú tóótòòtó ti bo òfuurufú méjì. Ìkẹta ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Nígbà tí mo fà á, ọkọ̀ apẹja tó wà nínú rẹ̀ bá gíláàsì lọ. Ògiri tí wọ́n gbé e kọ́ ni ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí ní gbogbo alẹ́; tí wọ́n bá pa á láàárọ̀ tí ooru wọlé, gíláàsì tó tutù á làágùn nínú. Pépà ló mu òógùn náà. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Èmi ló yẹ kí n mọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe látìgbà náà nìyí. Pépà kì í kan gíláàsì mọ́. Páálí tó nípọn, tí a gé àárín rẹ̀ bíi fèrèsé, tí àwọn tó ń ṣe férémù ń pè ní máúǹtì, ló máa ń wà láàárín wọn, kí afẹ́fẹ́ lè ní àyè. Téèpù ni mo fi ń dí ẹ̀yìn férémù yí ká. Mo sì ń lẹ ìṣẹ́pẹ́ rọ́bà kékeré méjì mọ́ igun ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà fara ti ògiri. Ògiri Lekki púpọ̀ ni omi ń gun láti ilẹ̀.

Pépà tí ẹ kò tíì lò náà ń bu. Ẹ ò ní rí i lójú. Ẹ ó kàn rí i pé ọ̀dà tí ẹ fi kàn án kò dúró lójú pépà mọ́, pépà ń mu ún bí tíṣù, ó sì ń yọ bí àmì ṣíṣú káàkiri. Ohun tí wọ́n fi pa pépà lára kó má baà mu omi jù ni ọ̀rinrin ti jẹ. Ẹ máa kó pépà sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, kí ẹ sọ àwọn àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun sí i. Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí mi pé wọn kò gbọ́dọ̀ da ìyẹn nù mọ́. Àwọn kan ń lo ìrẹsì. Kòkòrò ló máa kọ́kọ́ dé.

Ẹ pe iye kan

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Iye owó ń yí padà kí yíǹkì ìwé tó gbẹ, nítorí náà ẹ fi ti òní rọ́pò tèmi. Ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ mú. Ká ní odindi ewé pépà jẹ́ ₦16,000. Ìdá kan nínú 16 rẹ̀ jẹ́ ₦1,000. Ọ̀dà àti jíjẹ búrọ́ọ̀ṣì, ₦1,000. Máúǹtì, páálí ẹ̀yìn àti ọ̀rá, ₦2,500. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀, ₦2,500. ₦7,000 nìyẹn kí ẹ tó sanwó fún ara yín. Ká ní ẹ fi ₦10,000 sí ìdajì ọjọ́ iṣẹ́. ₦17,000.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé e, wọ́n á ní ₦20,000 ti dára. Ó dára títí gálárì kan fi gbà á. Gálárì lè gba 40 nínú 100, ó ní ilé tó ń sanwó lé lórí. 40 nínú 100 lára ₦20,000 jẹ́ ₦8,000. ₦12,000 ló kù fún yín, ẹ sì ti jẹ gbèsè ₦5,000 fún ara yín. Tí ẹ bá wá pe tiwọn ní ₦30,000 tí ẹ sì ń ta irú rẹ̀ ní ₦20,000 lórí WhatsApp, oníbàárà wọn á rí i, kò sì ní pẹ́ tí gálárì náà fi máa kó ẹrù yín jáde. Ẹ pe ₦30,000 níbi gbogbo láti ọjọ́ kìíní. Tí gálárì bá mú tirẹ̀, ₦18,000 kù. Tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tà á, ohun tí gálárì ì bá mú á di èrè ọjọ́ tí ẹ kò rí tà.

Wọ́n á ná an. Ilẹ̀ Yorùbá la wà. Nínú oṣù Kejìlá kan, mo pàtẹ sínú ẹ̀sítéètì kan ní Ajah, màmá kan tó wálé láti òkè òkun gbé àwòrán Badore dání.

"Ọmọ mi, èló lo pe èyí?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà ni, mà."

"Pépà yìí? Gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mi ò jà. Mo yí àwòrán náà padà fún wọn. Gbogbo àwòrán mi ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, tí mo fi pẹ́ńsù kọ: ibi tí mo ti yà á, ọjọ́, aago, àti orúkọ mi. Wọ́n gbé awò ojú wọn sókè. "Badore. Ibi tí a ti ń wọkọ̀ lọ sílé bàbá mi ní Ìjẹdẹ nìyẹn." Wọ́n tún dá a padà sí iwájú, wọ́n wò ó pẹ́. Ìka wọn dúró lórí ìdí ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ó tiẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì." Wọ́n san ọgbọ̀n náà, wọ́n wá ní, "Èènì mi dà?"

Ẹ máa ní èènì nílẹ̀. Èmi máa ń fi àjẹkù pépà tí mo gé ya ewé kan, ẹyẹ kan, ata rodo kan, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ẹni tí ẹ bá já owó fún á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ máa ń já owó. Ẹni tí ẹ bá fún ní èènì á sọ fún un pé ẹ ṣe òun dáadáa, iye tí ẹ pè kò sì yẹ̀.

Ibi tí ẹ lè gbé e lọ

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Nike Art Gallery ní Lekki, bí ẹ kò bá tíì débẹ̀ rí. Olóyè Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ogidi ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, ló ni ín, ẹ ò sì ní san owó wọlé. Àwòrán wà láti ilẹ̀ dé àjà, àjà lé àjà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ńlá. Ní Victoria Island, Terra Kulture wà níbẹ̀ láti 2003. Lẹ́yìn Ajah, ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yemisi Shyllon ní Pan-Atlantic University ṣílẹ̀kùn ní 2019. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi títà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà ti ṣe á jèrè ọ̀sán kan níbẹ̀. Ẹ tún máa wá iṣẹ́ ayàwòrán Sam Ovraiti wò níbikíbi tí ẹ bá ti lè rí i. Tí ẹ bá rí bó ṣe ń jẹ́ kí àwọ̀ méjì pàdé láì pò wọ́n, ẹ ó mọ ohun tí omi lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, orí fóònù ni púpọ̀ nínú tèmi ti ń tà. Mo ń gbé ọ̀kan sórí status láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọwọ́ mi tó dì í mú kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. November àti December ni ìkórè: Art X Lagos, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ń kó àwọn tó fẹ́ràn àwòrán wọ ìlú, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń wálé wá ṣọdún á dé. Ẹ má dúró di December kí ẹ tó yà. Láti August ni kí ẹ ti máa kó wọn jọ.

Ọ̀rọ̀ òfin méjì péré. Ẹni tó ra àwòrán yín kò ra ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sára ago tàbí káàdì. Ẹ̀tọ́ yẹn ṣì jẹ́ tiyín lábẹ́ òfin Nàìjíríà, títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú yín. Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Èkejì: òfin tó dáàbò bo ohun àtijọ́ wa kò kan àwòrán tí ẹ yà lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú lè má mọ̀. Rìsíìtì tó ní orúkọ yín àti ọdún tí ẹ yà á máa ń tó fún kékeré. Tí ẹni náà bá rà tó mẹ́wàá, kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn kí wọ́n fún un ní ìwé.

Tó bá jẹ́ dispatch ló máa gbé e, páálí líle méjì, kí àwòrán wà láàárín nínú ọ̀rá, kí ẹ fi téèpù dì í yí ká. Ẹ kọ "MÁ ṢE KÁ" sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ má fi rán an lẹ́yìn aago mẹ́ta ọjọ́ Jímọ̀ láti Ajah, àfi tí ẹ bá fẹ́ kó sun orí ọ̀kadà.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo títà sí: ohun tó wà nínú àwòrán, ọjọ́ tí mo yà á, ọjọ́ tó lọ, ẹni tó rà á. Mo ti ya ọkọ̀ Badore ní ọ̀nà mọ́kànlá láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Méjì tí mo ti yà ṣáájú, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.